Al-Khwarizmi, ọ̀gá ìṣirò tó ro ti àwọn ajogún

Ìṣirò kan wà tí àwọn ọmọ wa máa ń bá pàdé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí ọ̀pọ̀ wọn ń sá fún. Wọ́n ní kí ọmọ wá nọ́ńbà kan tí kò mọ̀, wọ́n sì tún fi nọ́ńbà náà lọ́nà ara rẹ̀ kún un. Ẹni tí ìwé rẹ̀ tan ọ̀nà ìṣirò yìí káyé ni Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi.

Nǹkan bí ọdún 780 ni wọ́n bí i. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé Khwarazm ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ilẹ̀ tó wà ní Uzbekistan àti Turkmenistan òde òní. Bàgídádì ló ti ṣiṣẹ́, lábẹ́ Kálífà al-Ma'mun tó jọba láti 813 sí 833, tó sì fẹ́ràn ìwé púpọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 820, ó kọ ìwé kan lédè Lárúbáwá nípa al-jabr. Kì í ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ló kọ ọ́ fún. Ó ní ẹni tó ń pín ogún, oníṣòwò, ẹni tó ń wọn ilẹ̀ àti ẹni tó ń gbẹ́ ojú odò yóò lò ó. Ogún pínpín gba apá tó pọ̀ nínú ìwé náà. Bí olóògbé bá jẹ gbèsè, tó sì tún fi nǹkan sílẹ̀ fún ará ìta, ìpín opó àti ọmọ á díjú. Ẹni tó bá ṣì í ṣírò ti jẹ ẹlòmíràn níyà nìyẹn.

Kò lo àmì kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fi ń ṣàlàyé. Ó pe nọ́ńbà tí a ń wá ní gbòǹgbò, ó pe nọ́ńbà náà lọ́nà ara rẹ̀ ní dúkìá. Ẹ wo àpẹẹrẹ rẹ̀ tó lókìkí jù: dúkìá kan àti gbòǹgbò rẹ̀ mẹ́wàá jẹ́ 39. Ẹ mú ìdajì 10, ìyẹn 5. 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25. Ẹ fi 39 kún un, ó di 64. Nọ́ńbà wo la ó fi lọ́nà ara rẹ̀ tí yóò fi di 64? 8 ni. Ẹ yọ 5 kúrò, ó ku 3. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, gbòǹgbò mẹ́wàá jẹ́ 30, àpapọ̀ wọn 39.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ó ya àwòrán rẹ̀. Ká ní ilẹ̀ kan wà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ẹ fi ilẹ̀ tó fẹ̀ ní 5 kún ẹ̀gbẹ́ méjì rẹ̀ tó pàdé. Igun kan yóò ṣófo, 5 lọ́nà 5. Ẹ dí i, ilẹ̀ náà á tún dọ́gba yíká. Èyí ló dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ojú lásán rí i.

Òun kọ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ o. Àwọn ará Bábílónì ti ń ṣe irú ìṣirò yìí lórí wàláà amọ̀ tipẹ́tipẹ́. Òun náà kò sì gba nọ́ńbà tó kéré ju òdo, nítorí náà ló ṣe pín iṣẹ́ náà sí oríṣi mẹ́fà. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ lónìí.

Nǹkan bí ọdún 850 ló kú. Ní 1145, Robert ti Chester túmọ̀ ìwé náà sí èdè Látìnì ní Sípéènì, al-jabr sì di aljẹ́bírà. Orúkọ ọkùnrin náà gan-an di algorithm, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò fún ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé.