Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù tí Ó Gbógun ti Eku àti Ẹ̀fọn ní Erékùṣù Èkó

Kò sí ará Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Òkòkomáíkò tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé ẹ̀fọn kì í ṣe ohun àmúṣeré. Omi ọ̀sà wà nítòsí wa, àbàtà sì wà káàkiri. Bí òjò bá ti dá, ibà a bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Nítorí náà, ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àti ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa yọ̀, ó tọ́ kí a rántí ọmọ ìjọ wa kan tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ bá irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ jà.

Ní ọdún 1892 ni a bí Ládípọ̀. Bàbá rẹ̀ ni Isaac Olúwọlé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Grammar School ti C.M.S. ní Èkó, ẹni tí a yà sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ọmọ ti kọ́kọ́ kàwé. Nígbà tí a sì ṣí King's College ní ọdún 1909, ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ó ré òkun kọjá lọ sí Glasgow, ó sì gba oyè oníṣègùn níbẹ̀ ní ọdún 1918. Abẹ́òkúta ni ó ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìṣègùn nígbà tí ó padà dé.

Ìjà tí ó bọ́ sí kì í ṣe tuntun. Gómìnà William MacGregor, tí òun pẹ̀lú jẹ́ oníṣègùn, ti ṣe àkóso Èkó láti ọdún 1899 títí di 1904. Ó gbẹ́ ojú omi sínú àbàtà erékùṣù náà, ó pín kuiníìnì, ó sì kọ̀ láti ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọmọ ilẹ̀, nítorí gbogbo ìlú ni ó fẹ́ wò sàn.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1924 ìyọnu mìíràn dé. Àjàkálẹ̀-àrùn eku, tí ọkọ̀ òkun ń gbé láti èbúté kan dé èkejì, wọ Èkó. Kòkòrò kékeré tí ń gbé inú irun eku ni ń gbé àrùn náà kiri: bí eku bá kú, kòkòrò a fò mọ́ ènìyàn, a sì bù ú jẹ; kókó a wú ní ìtan tàbí ní abẹ́ apá, ikú kì í sì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Ilé fún mọ́ ara wọn ní erékùṣù náà, eku sì rí ibi sá sí. Títí di ọdún 1930 ni ó fi ń pa ènìyàn.

Inú ìyọnu yìí ni a fi Dókítà Olúwọlé jẹ igbákejì oníṣègùn àgbà fún ìmọ́tótó Èkó ní ọdún 1925, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a fi sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Ó tún iṣẹ́ àyẹ̀wò èbúté ṣe, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yaba, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn sànítárì láti apá ilẹ̀ Nàìjíríà gbogbo. Àwọn wọ̀nyí ni a ń pè ní wolé-wolé. A kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín díẹ̀ pé Olúwọlé ni ó kọ́ wolé-wolé níṣẹ́.

Ta ni nínú àwọn àgbà wa tí kò mọ̀ wọ́n? Wọn a ṣí àmù, wọn a wo inú agbada àti ìkòkò fífọ́ lẹ́yìnkùlé. Bí wọ́n bá rí tanwíjí, onílé di ẹni à ń pè lọ sí kóòtù. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó da omi mímu nù nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Inú bí àwọn ènìyàn, kò sì yani lẹ́nu. Síbẹ̀ ewu náà kì í ṣe àròsọ. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ pẹ̀lú wà nílẹ̀ nígbà náà. Àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà tẹ̀dó sí Yaba ní ọdún 1925 láti wá ìdí rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́, Adrian Stokes, sì ti ipa rẹ̀ kú ní Èkó ní ọdún 1927. Inú omi tí a gbé sílẹ̀ nínú ilé gan-an ni ẹ̀fọn tí ń gbé e kiri ti ń yé ẹyin.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ nítorí pé à ń yin òkú. Ní ọdún 1928 ni ìjọba dá ẹgbẹ́ ìtúnlùúṣe Èkó sílẹ̀ nítorí àrùn eku yìí, a sì wó ilé àwọn ènìyàn. Ẹni tí a wó ilé bàbá rẹ̀ kò ní tètè dúpẹ́ pé eku ti lọ. Lójú tiwa, àǹfààní ńlá ni pé nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹnì kan wà lọ́fíìsì ìmọ́tótó tí ó gbọ́ èdè tí àwọn ìyá náà fi ń sunkún.

Kò gbàgbé àwọn ọmọdé. Ó ṣètò àyẹ̀wò ara fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ rẹ̀ sì so mọ́ ilé ìwòsàn kékeré ti Massey Street, tí ó di ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1936 ó di oníṣègùn àgbà fún ìmọ́tótó Èkó. Ní ọdún 1940 ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè O.B.E. dá a lọ́lá. Ó sùn nínú Olúwa ní ọdún 1953, ọdún 21 lẹ́yìn bàbá rẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù.