George Carver, Ọ̀rẹ́ Òdòdó

Ní nǹkan bí ọdún 1864, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni George. Ẹrú ni Mary, ìyá rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n ń ra àwọn ènìyàn dúdú níbẹ̀ bí ẹni ra ẹran. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn lọ.

George ṣì wà ní ọmọ ọwọ́ nígbà tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ jí òun àti ìyá rẹ̀ gbé. Moses Carver, ọ̀gá wọn, rán ènìyàn lọ wá wọn. Wọ́n fi ẹṣin kan gba George padà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rí ìyá rẹ̀ mọ́.

Ara George kò le. Kò lè ṣe iṣẹ́ oko tó wúwo. Inú ilé ló ti ń bá Susan, ìyàwó Moses, ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá tán, ó máa ń wọ inú igbó lọ. Ó ń wo àwọn òdòdó tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, irú èyí tí ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Sakété. Bí ewéko ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, George ni ẹni náà ń wá. Wọ́n sọ ọ́ ní dókítà ewéko.

George fẹ́ kàwé. Ilé-ìwé tó wà nítòsí kò gba ọmọ dúdú. Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú Neosho, níbi tí ilé-ìwé àwọn ọmọ dúdú wà. Nígbà tó dàgbà, ilé-ìwé gíga kan gbà á nípa lẹ́tà. Nígbà tó dé ibẹ̀, tí wọ́n rí i pé ènìyàn dúdú ni, wọ́n lé e padà. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò jáwọ́.

Ní ọdún 1890, ilé-ìwé gíga mìíràn gbà á. Ó ń fọ aṣọ fún àwọn ènìyàn kó lè rí owó jẹun. Níbẹ̀ ló ti kọ́ àwòrán yíyà. Òdòdó ló fẹ́ràn jù láti yà. Ní ọdún 1893, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kan lọ sí àfihàn ńlá ní ìlú Chicago, wọ́n sì yìn ín.

Lẹ́yìn náà, ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Ní ọdún 1896, ó lọ ṣe olùkọ́ ní Tuskegee. Òwú nìkan ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn lọ́dọọdún, ilẹ̀ wọn sì ti ṣá. George kọ́ wọn láti gbin ẹ̀pà, ẹ̀wà àti ànàmọ́. Ẹ̀pà àti ẹ̀wà a máa dá agbára ilẹ̀ padà.

George kú ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 1943. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà ní Tuskegee tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1947, iná jó ibẹ̀, ó sì ba ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀ jẹ́. Àwọn díẹ̀ tó kù, wọ́n tọ́jú wọn dáadáa.

Ìbéèrè
1. Kí ni wọ́n fi gba George padà?
2. Kí ló dé tí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ fi ṣá?
3. Wá òdòdó kan lẹ́bàá ọ̀nà. Wò ó dáadáa, kí o sì yà á.