Adékúnlé Ajásin: Ọ̀gá ilé-ìwé tó kọ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó tún wá mú un ṣẹ

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọkọ̀ lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì lójú ọ̀nà Ìwòròkó ni kò mọ̀ pé ìjọba Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin ló dá a sílẹ̀ ní 1982. Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Ajásin sì ni gómìnà.

Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1908. Olùkọ́ ni, kó tó di olóṣèlú. Ó kàwé ní St. Andrew's l'Ọ́yọ̀ọ́, ó lọ sí Fourah Bay ní Sàró, ó tún kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó padà dé ní 1947, ó di ọ̀gá àgbà Imade College l'Ọ́wọ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1962. Ẹni tó bá ṣe ọ̀gá ilé-ìwé láyé ọjọ́un mọ ohun tójú òbí ń rí. Orí ọmọ á pé, àmọ́ tówó ilé-ìwé ò bá sí, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1951, Ọ̀wọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ Action Group, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ní gbangba. Ajásin wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, òun náà sì ló kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́: kí gbogbo ọmọ lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí òbí má sanwó.

Ta ni yóò wá sanwó ọ̀hún? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gbé owó ẹ̀kọ́ àti ìlera ṣílè 10 àti sísì lé àwọn tó ń san owó orí. Ariwo ta. Àwọn alátakò NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ, rí ohun tí wọ́n máa fi polongo. Nígbà tí ìdìbò àpapọ̀ dé ní 1954, ìjókòó 23 ni NCNC mú ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ọlọ́pẹ mú 18. Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀! Ajásin tó kọ ètò náà wà lára ìwọ̀nba àwọn tó wọlé.

Ìjọba míì ì bá rọra gbé ètò náà tì. Wọn ò gbé e tì. Lọ́jọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọn ò tó 460,000 lọ́dún tó ṣáájú lé ní 811,000.

Ajásin lo ọdún 12 nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ékòó, títí tí àwọn ológun fi gbàjọba ní 1966. Lásìkò yẹn ni òfin National Provident Fund ti 1961 jáde, èyí tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dáwó sí. Àgbẹ̀ ò sí níbẹ̀, aránṣọ ò sí níbẹ̀, ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ rárá ò tilẹ̀ kàn án. Nàìjíríà ò sì tíì ní òfin tó ń fún aláìníṣẹ́ lówó oṣooṣù títí dòní.

Ó ti ń lọ sí ẹni ọdún 71 nígbà tó di gómìnà ní 1979 lábẹ́ UPN. Ohun mẹ́rin ni ẹgbẹ́ ṣèlérí: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ó fagi lé owó ilé-ìwé girama, ó dá ilé-ìwé gíga Pólì sílẹ̀ l'Ọ́wọ̀, Yunifásítì sì bọ́ sí Adó. Ti iṣẹ́ ni kò ṣeé ṣe tán, nítorí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ò sì rówó oṣù san bó ṣe yẹ.

Ìgbà yẹn náà ni igbákejì rẹ̀, Akin Ọmọbóríowó, ọmọ Ìjerò-Èkìtì, bá a du tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí kò rí i gbà, ó kọjá sí NPN. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, wọ́n kéde pé Ọmọbóríowó ló wọlé. Àwọn kan lè rò pé Èkìtì á torí pé ọmọ àwọn ni, kí wọ́n dákẹ́. Wọn ò dákẹ́. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ l'Ákùúrẹ́, ó ràn dé Èkìtì, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Ilé-ẹjọ́ dá ìbò padà fún Ajásin, títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ.

Kò pẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún náà, ológun gbàjọba, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ìgbìmọ̀ ológun tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dá a láre, síbẹ̀ wọn ò tètè tú u sílẹ̀. Nígbà tó jáde, ilé rẹ̀ l'Ọ́wọ̀ ló padà sí. Àgbà ara ò ní kó má tún dìde: lẹ́yìn ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, òun ni wọ́n fi ṣe aṣíwájú NADECO tó kojú Abacha. Ó kú lọ́jọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1997, ní ẹni ọdún 88. Nígbà yẹn, Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀, kò tíì ju ọdún kan lọ.

Yunifásítì tó wà ní Àkùngbá-Àkókó ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Èyí tó dá sílẹ̀ l'Ádó ti yí orúkọ padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì jẹ́ orúkọ tirẹ̀ rí.