Georges Rouault, Ẹni tí ó ya Ojú Jésù

Nígbà tí a bá wọ ilé Ọlọ́run, tí a gbé ojú sókè wo àwòrán àwọn ẹni mímọ́ lára dígí fèrèsé, a kì í sábà bi ara wa léèrè ẹni tí ó yà wọ́n, àti ọ̀nà tí ó tọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn Georges Rouault, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fún ẹ̀yin ará wa nínú ìwé Júbílì yìí.

Ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1871, ni wọ́n bí i ní Paris. Ogun abẹ́lé ń jà nínú ìlú náà, ìbọn ńlá ń wó ilé. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sá sí, ibẹ̀ ni ó sì bí i sí. Iṣẹ́ igi ni bàbá rẹ̀ ń ṣe ní ilé iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe dùùrù. Wọn kò lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bàbá ìyá rẹ̀ fẹ́ràn àwòrán púpọ̀. Ó máa ń kó àwòrán Daumier jọ, ó sì ń fi wọ́n han ọmọ náà. Nígbà tí ó rí i pé yíyà ni ọkàn ọmọ wà, kò bá a wí. Ó gbà á níyànjú ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní ọmọ ọdún 14, Rouault lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń kun dígí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sàn-án, iṣẹ́ ọ̀gá. Lálẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán. Níbẹ̀ ni ó ti rí bí òjé dúdú ṣe ń so dígí aláwọ̀ pọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá.

Ní 1890, ó wọ École des Beaux-Arts. Ní 1892, Gustave Moreau di olùkọ́ rẹ̀, ọkùnrin kan tí kì í fi ipá mú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti ya bíi tirẹ̀. Ní 1894, Rouault gba ẹ̀bùn Chenavard nítorí àwòrán Jésù ọmọdé láàrin àwọn olùkọ́ òfin. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo wọn ń lé ni Prix de Rome, tí ìjọba fi ń rán ọ̀dọ́ ayàwòrán lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Róòmù. Ó díje ní 1893, kò rí i gbà. Ó tún díje ní 1895, kò rí i gbà. Moreau fúnra rẹ̀ ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ní 1898, Moreau kú, Rouault sì dà bí ọmọ òrukàn.

Nínú ìbànújẹ́ yìí ni ojú rẹ̀ là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn aláwàdà tí ń sunkún nínú, àwọn aṣẹ́wó, àti àwọn adájọ́ olójú líle, pẹ̀lú ìlà dúdú ńlá bí òjé ara dígí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwòrán wọ̀nyí burẹ́wà. Léon Bloy pàápàá, òǹkọ̀wé Kátólíìkì tí ó bọ̀wọ̀ fún, kò fẹ́ràn wọn. Rouault kò yà kúrò lọ́nà rẹ̀. Ìlà kan náà tí ó fi ya tálákà ni ó fi ya ojú Jésù nínú ìjìyà rẹ̀.

Ní 1912, bàbá rẹ̀ kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó di Miserere, àwòrán 58. Ọdún 1948 ni ó tó jáde fún aráyé. Ní ọdún kan náà, ó sun 315 nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ níná, nítorí ó mọ̀ pé òun kò ní lè parí wọn bí ó ti yẹ. Wọ́n tún fi àwòrán rẹ̀ ṣe dígí fèrèsé ní ṣọ́ọ̀ṣì Assy lórí òkè: iṣẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ padà wá bá a lọ́jọ́ ogbó. Ó kú ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 1958, ní ẹni ọdún 86. Ìjọba ilẹ̀ Faransé ni ó ṣètò ìsìnkú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fi èédú ya nǹkan sára ògiri, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa kí ẹ tó mú pàṣán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ṣe ìdánwò tí ẹ kò yege, ẹ má ṣe rò pé Olúwa ti gba ẹ̀bùn rẹ̀ padà. Kí Ó fún wa ní sùúrù láti lò ó títí dópin. Àmín.