Ìtàn Ìgbésí Ayé Michael Imoudu, àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwa Agbanisíṣẹ́

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lọ́dún yìí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, kì í sì í ṣe Yorùbá. Síbẹ̀, kò sí alágbàṣe kan ní sọ́míìlì wa, tàbí awakọ̀, tàbí tíṣà, tí kò jẹ nínú èrè ìyà tí ọkùnrin náà jẹ. Michael Imoudu ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Ora, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, ni ó ti wá. Ọdún 1902 ni a sì bí i. Ní 1928 ó dé Èkó láti wá iṣẹ́. Ní 1929 ó wọ ilé-iṣẹ́ Rélùwéè gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Kò pẹ́ tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé fi dẹnu kọlẹ̀. Ní 1931 àwọn aláṣẹ Rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó iṣẹ́ ní wákàtí-wákàtí: wákàtí tí iṣẹ́ kò bá sí, owó kò sí. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn òṣìṣẹ́ dé ọkàn, ṣùgbọ́n wọn kò ní òfin kan tí wọ́n lè dì mú.

Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ọdún 1938 ni ó kọ́kọ́ gbà wọ́n láyè láti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Rélùwéè kò jáfara, Imoudu sì di ààrẹ rẹ̀. Ní 1941 ó ṣíwájú ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Èbúté-Mẹ́ta lọ sí ilé Gómìnà Bernard Bourdillon ní Èkó, Gómìnà sì gbọ́ ẹjọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni orúkọ Imoudu ti di ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀, tí àwọn aláṣẹ kò sì fẹ́ gbọ́ mọ́. Ní 1943 wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tì í mọ́lé ní Benin, lẹ́yìn náà ni wọ́n lé e lọ sí Auchi.

Nígbà tí Imoudu kò sí nílé, nǹkan túbọ̀ ń le sí i ní Èkó. Ogun àgbáyé kejì ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ní 1942 ìjọba fi owó díẹ̀ kún owó òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà, wọ́n sì ṣèlérí pé bí ọjà bá tún gbówó lórí, àwọn yóò tún un wò. Ọjà gbówó lórí, ìjọba kò wo nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ béèrè pé kí a fi ìdajì kún owó náà, kí owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ sì jẹ́ ṣílè méjì ààbọ̀ lójúmọ́. Ìjọba kọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 1945 ni wọ́n dá Imoudu padà sí Èkó, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì tú jáde láti pàdé rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà ni ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní 30,000 òṣìṣẹ́ tí ó jókòó sílé, reluwé dúró, ìwé àti wáyà kò lọ mọ́. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Hubert Ogunde fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré orí ìtàgé tí ó pè ní Strike and Hunger. Ìgbìmọ̀ tí Tudor Davies jẹ́ alága rẹ̀ gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò, ó sì dá òṣìṣẹ́ láre: wọ́n gba ìdajì tí wọ́n béèrè.

Ìjà rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Ní 1964, nígbà tí ìjọba òmìnira wa fi ìwé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Morgan lórí owó iṣẹ́ falẹ̀, Imoudu wà nínú àwọn olórí ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ mẹ́tàlá tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1977 ìjọba ológun fi òfin dè é kúrò nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó fara dà á. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ nípa ọ̀ràn iṣẹ́, tí ó wà ní Ìlọrin, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ó kú ní 2005, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kí ni èyí kàn wá ní Ore, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Benin ti pàdé ọ̀nà Ondó sí Òkìtìpupa, tí àlejò láti ibi gbogbo ti ń wá gba iṣẹ́ agi, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọkọ̀? Ó kàn wá nítorí pé àwa náà ti di agbanisíṣẹ́, àdéhùn ẹnu lásán sì ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń bá òṣìṣẹ́ ṣe. Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1974 sọ pé, kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ẹnìkan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ọ̀gá rẹ̀ fún un ní ìwé àdéhùn. Owó ni kí a fi san owó iṣẹ́, kì í ṣe ọjà. Ẹni tí ó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ni kí a fi kìlọ̀ fún un kí a tó dá a dúró. Ẹni tí ó ti lo ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú àpò ìjọba, kí ẹni tí igi bá wó lù tàbí tí ayùn bá gé lọ́wọ́ lè rí owó ìtọ́jú. Ní 2024 owó oṣù tí ó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000, a ó sì máa tún un yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Lóòótọ́, òfin owó oṣù yìí yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú mímú ìlérí ṣẹ.

Àwọn kan ń wí pé òfin wọ̀nyí wúwo fún oníṣòwò kékeré. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó dá ìjà ọdún 1945 sílẹ̀: kì í ṣe pé ìjọba kò lówó nìkan, ìlérí tí wọ́n ṣe tí wọn kò mú ṣẹ ni. Ìwé àdéhùn kò ju tákàdá kan lọ. Ẹjọ́ ní ilé-ẹjọ́ a máa jẹ ilé, a máa jẹ oko. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ ní oko tàbí ilé-iṣẹ́ nílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń bá yín bójú tó o bóyá òṣìṣẹ́ yín ní ìwé lọ́wọ́. Bí ìlú wa yóò bá gòkè, kí ó gòkè pẹ̀lú àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn gbé e.