Ìrántí Olóògbé T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, Atẹdùùrù

Bí a ti ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa ní Ajue yìí, ó tọ́ kí a rántí ọkùnrin kan tí orúkọ baba rẹ̀ kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Oǹdó, tí iṣẹ́ òun tìkára rẹ̀ sì ń fọhùn nínú orin ìjọ títí di òní. Òun ni Olóògbé Thomas King Ekúndayọ̀ Phillips.

Ní ọdún 1884 ni a bí i. Baba rẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, ẹni tí ó wá ṣiṣẹ́ Ìhìnrere ní Oǹdó ní ọdún 1877, tí a sì yà sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893. Ọmọ náà kàwé ní CMS Grammar School ní Èkó. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18, a fi í ṣe atẹdùùrù ní St. Paul's, Breadfruit, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún 9. Ní ọdún 1911 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College of Music. Ó padà dé ní ọdún 1914, a sì fi í ṣe Ọ̀gá Orin ní Christ Church, Marina, tí í ṣe Kàtídírà Èkó. Ọdún 48 ni ó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ìjọ fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Owó ńlá ni a fi ń ra dùùrù onípáìpù. Láti wá owó náà, Phillips kó ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ jáde, wọ́n ṣe kọ́ńsáàtì ní Èkó àti ní àwọn ìlú Yorùbá mìíràn, àwọn ènìyàn sì sanwó wọlé láti gbọ́ wọn.

Àwọn kan nínú wa a máa kùn nígbà tí akọrin bá gbé tíkẹ́ẹ̀tì wá, wọn a ní orin Ọlọ́run kì í ṣe ọjà. A mọ ohun tí ó ń dùn wọ́n, nítorí ọ̀fẹ́ ni ìgbàlà. Ṣùgbọ́n ìsìn yàtọ̀ sí kọ́ńsáàtì. Kò sí ẹni tí a ń bèèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wọ ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ńsáàtì ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń gbádùn orin pẹ̀lú.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà tí a kọ́kọ́ kọ Messiah ti Handel ní Dublin, ní April 13, 1742. A bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n má ṣe wọ yẹ̀rì fífẹ̀ tí ń gba àyè, a sì bẹ àwọn ọkùnrin kí wọ́n fi idà sílẹ̀ ní ilé, kí àyè lè gba èrò púpọ̀ sí i. Nínú owó ọjọ́ náà ni a ti san gbèsè àwọn ẹlẹ́wọ̀n 142, wọ́n sì di òmìnira.

Kì í ṣe dùùrù nìkan ni Phillips fi sílẹ̀. Ó kọ́ wa pé ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ, kí ìtumọ̀ má bàa yí padà lẹ́nu akọrin. Ní ọdún 1953 ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde. Fẹlá Ṣówándé, tí ó kọrin lábẹ́ rẹ̀ ní ọmọdé, ni ó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn ní ọdún 1944.

Ní ọdún 1962 ó fi ipò sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ Ọbáyọ̀mí sì rọ́pò rẹ̀. Yunifásítì Nsukka fi oyè Ọ̀mọ̀wé Orin dá a lọ́lá ní ọdún 1964, ó sì sùn nínú Olúwa ní ọdún 1969.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí akọrin wa bá mú tíkẹ́ẹ̀tì wá, ẹ má ṣe yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin tí owó náà ń gba ọwọ́ yín kọjá, ẹ ṣírò rẹ̀ ní gbangba, kí ìjọ lè rí ohun tí a fi rà. Kí Olúwa kí ó gbé àwọn mìíràn dìde nínú àwọn ọmọ wa. Àmín.