Schumann àti Ìka Tó Kọ̀ Jálẹ̀

Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ kí ìka tí a ń fi òrùka sí ní ọwọ́ ọ̀tún mi máa sáré bí àwọn ìyókù lórí kíbọọ̀dù tí mò ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alaalẹ́ ni mò ń fi ọwọ́ òsì fà á sẹ́yìn, títí ọwọ́ fi wú. Ìgbà tí mò ń tọ́jú rẹ̀ ni mo ka ìtàn Robert Schumann.

Wọ́n bí Schumann ní Zwickau, nílẹ̀ Jámánì, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1810. Ìwé ni bàbá rẹ̀ ń tà, ó sì kú ní 1826. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó di agbẹjọ́rò, ó sì wọ Yunifásítì Leipzig ní 1828, ṣùgbọ́n dùùrù ló gba ọkàn rẹ̀. Ní 1830, ó pa ẹ̀kọ́ òfin tì, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ Friedrich Wieck, olùkọ́ dùùrù tó ṣèlérí pé láàárín ọdún 3 òun á sọ ọ́ di àgbà atẹdùùrù.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Schumann bẹ̀rẹ̀ sí í lo irinṣẹ́ kan tó ń fa ìka sẹ́yìn kí ó lè lágbára. Nígbà tó fi di 1832, ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kó máa ki ọwọ́ bọ inú ìfun ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Kò ràn án. Títí dòní, àwọn dókítà ń jiyàn: àwọn kan ní irinṣẹ́ yẹn ló fà á, àwọn kan ní focal dystonia ni, tí ọpọlọ fi ń da ìka rú.

Ẹ wo ohun tó ń bá jà. Ní ẹ̀yìn apá, láti ìgúnpwá dé ọrùn ọwọ́, ni iṣan extensor digitorum wà. Ó pín sí okùn 4, fún gbogbo ìka àfi àtàǹpàkò. Ìfábẹ̀lá tún ní iṣan tirẹ̀ lọ́tọ̀, extensor indicis. Ọmọńdinrín náà ní extensor digiti minimi. Ìka àárín àti ìka òrùka kò ní irú rẹ̀, okùn wọn sì so mọ́ra lẹ́yìn ọwọ́. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí tábìlì, ẹ ká ìka àárín sábẹ́, kí ẹ wá gbé ìka òrùka nìkan. Kò ní dìde. Kì í ṣe ọ̀lẹ; bí a ṣe dá a nìyẹn. Ìka kò dọ́gbà.

Schumann kò lè gba ipò atẹdùùrù mọ́, ló bá gbájú mọ́ kíkọ orin. Ní 1834, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìròyìn orin sílẹ̀ ní Leipzig. Ní 1840, ó fẹ́ Clara, ọmọ Wieck. Lọ́dún yẹn nìkan, orin tó kọ lé ní 100. Clara ló ń fi ìka tirẹ̀ tẹ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ fún èrò. Àìsàn ọpọlọ gbé Schumann dé ilé ìtọ́jú ní Endenich, ibẹ̀ ló kú sí ní 1856, lẹ́ni ọdún 46.

Ní báyìí, mo ń tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, mo ń gbé ìka kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi rọ́bà yí wọn ká kí n lè máa ṣí wọn. Bí ìrora bá dé, mo dáwọ́ dúró. Ìka òrùka mi ṣì ń lọ́ra, mo sì ti jẹ́ kó máa lọ́ra.